Ọmọ-Ọmọ Mi Tó Wà Nínú Fírísà

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ẹ kú iṣẹ́, mo kí ẹ kú ìfaradà ìlú ńlá. Ọkọ ẹ ńkọ́? Bá mi kí i dáadáa. Ohun tí apá yín ò ní ká, Ọlọ́run ò ní gbé e kò yín lójú. Ní tèmi, ara le, orúnkún nìkan ló ń bá mi jà, ó sì máa rẹ òun náà lọ́jọ́ kan. Òrùlé ilé ìdáná ti ń jò, adìẹ dúdú yẹn sì ti pamọ, gbogbo wọn ló ń wọ yàrá mi bí ẹni pé àwọn ló ń sanwó ilé.

Mo rí àwòrán tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù. O ní ọlẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún yín nínú fírísà ọsibítù nìyẹn, èyí tí dókítà fi ẹyin ẹ àti àtọ̀ ọkọ ẹ ṣe lọ́dún tó o ní kí iṣẹ́ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ná. Mo yí fóònù sókè, mo yí i sísàlẹ̀, mi ò rí ojú, mi ò rí imú, róbótó ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e jìnnà díẹ̀, háà, orí bàbá ẹ ni! Bí orí ẹ̀ ṣe pá gan-an nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní oríta ní fóònù mi ti kún, àfi kí òun pa àwòrán díẹ̀ rẹ́. Mo ní kó pa ìgbéyàwó àbúrò mi rẹ́, kó pa tèmi náà rẹ́, ṣùgbọ́n kó má fọwọ́ kan ọmọ yẹn. Ó ní ọmọ wo. Mo ní èyí tó rí róbótó. Ó wò mí, ó wo fóònù, kò sì gbowó lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ fírísà yẹn ò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀, ni mo bá lọ bá obìnrin tó ń ta ẹja yìnyín, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa yìnyín jù ú lọ ládùúgbò yìí. Mi ò sọ pé ìwọ ni o, mo ní ẹnì kan ni. Ó ní bí iná ò bá ti lọ, nǹkan á pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti yọ ọ́ jáde tó sì ti yọ́, kí wọ́n má dá a padà mọ́ láéláé. Torí náà, bi dókítà léèrè: ṣé wọ́n ní jẹnẹrétọ̀, ta ló ń bu epo sí i, kí ni wọ́n sì tún kó sínú fírísà yẹn? Bó bá jẹ́ ibẹ̀ làwọn nọ́ọ̀sì ń gbé omi mímu wọn sí, kí wọ́n tètè wá ibòmíràn gbé e.

Ó dáa, ká sọ ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀. O ní ọsibítù fẹ́ kó o dáhùn kóṣù yìí tó parí, bóyá kí wọ́n gbé e sínú ẹ àbí kí wọ́n dà á nù. Dókítà ní o ti lé lógójì dáadáa, pé ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ lè dá wàhálà sílẹ̀, ṣùgbọ́n pé ó ṣì ṣeé ṣe. Ọkọ ẹ ní ohun tó o bá fẹ́ lòun fẹ́. O wá bi mí ní ohun tọ́mọ kì í sábà bi ìyá ẹ̀, pé ṣé ó dáa bí mo ṣe bí ẹ nígbà tí mo ti dàgbà. O tún ní kí n má fi àdúrà dá ẹ lóhùn. Mi ò ní purọ́, ó dùn mí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, mo sì rí i pé ìbéèrè gidi ni.

Nígbà tí mo lóyún ẹ, tá a ti tọrọ ọmọ títí tó ti sú wa, mo rò pé nǹkan oṣù mi ló dáwọ́ dúró bíi tàwọn ẹgbẹ́ mi. Inú mi ń wú, mo ń lo oògùn inú kíkún! Nígbà tí agbẹ̀bí sọ ohun tó jẹ́, bàbá ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ayọ̀ ò jẹ́ ká ronú pé ọdún mélòó la máa lò pẹ̀lú ẹ. O rántí ọjọ́ tí mo gbóúnjẹ wá bá ẹ nílé ìwé, táwọn ọ̀rẹ́ ẹ ní ìyá àgbà ẹ ti dé, tíwọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni? Mo gbọ́. Látọjọ́ náà, tí mo bá ti dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, ìyá àgbà ẹ ni mò ń jẹ́, mo tiẹ̀ máa ń tẹ̀ bí arúgbó díẹ̀ sí i kí wọ́n lè gbà gbọ́. Irọ́ yẹn ò dùn mí, ìtìjú tó ń bá ẹ ló dùn mí.

Àwọn àgbà ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bi ọmọ tó ń sìnkú bóyá òun ti dàgbà tó. Nígbà tí ẹgbẹ́ ẹ ń ṣeré kiri, ìwọ ń fa bàbá ẹ lọ́wọ́ lọ sílé ìwòsàn, o sì sin ín kó o tó ríṣẹ́. Ó wúwo. Mi ò ní sọ fún ẹ pé kò wúwo. Nítorí ara wa la ṣe bí ẹ, torí ìwọ ò sí níbẹ̀ ká bi ẹ́ léèrè. Ìdáhùn mi ni pé ó dáa fún mi, ó dáa ju ohun gbogbo lọ. Bóyá ó dáa fún ẹ, ìwọ nìkan ló lè sọ, mi ò sì ní bínú.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún òrùlé yẹn àti fún eyín mi, torí èyí tó wà níwájú ti fẹ́ lọ. Má fi sí báǹkì o. Ẹ̀rọ ara ògiri wọn gbé káàdì mi mì, mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo kí i, kò dáhùn.

Mi ò ní sọ pé kó o gbé e, mi ò ní sọ pé kó o má gbé e. Ó ń wù mí, àárọ̀ àárọ̀ ni mò ń wò ó kí n tó fọ ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo mọ ohùn ẹ̀, tí mo mọ bó ṣe ń wúkọ́, ìwọ ni. Tí o bá gbé e, màá wá jókòó tì ẹ́ títí wàá fi sọ̀ láyọ̀. Tí o bá ní rárá, sọ ọjọ́ tí wọ́n máa dà á nù fún mi, kí n wẹ̀, kí n wọṣọ tó dáa, kí n jókòó, kó má lọ bí ẹni tí ò lẹ́bí. Lẹ́yìn náà, kó o wá sílé wá sinmi.

Ọlọ́run á dá ẹ sí fún mi. Ìwọ ni mo tọrọ, ìwọ náà ni mo rí gbà.

Èmi ni,
Ìyá ẹ