Ọwọ́ Àkànní Nínú Ògì

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo sẹ́ ògì lónìí. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà á gbọ́, èmi tí ẹ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé omi gbígbóná nìkan ni mo mọ̀ ọ́n sè. Mo ra àgbàdo funfun ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Mẹ́síkò, mo rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo fi bílẹ́ńdà lọ̀ ọ́. Aṣọ tí ẹ fi ń sẹ́ ògì, tí ẹ fi sílẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnì, ni mo lò. Láti ìgbà tí ẹ ti kú ni mo ti ń rí i níbẹ̀, tí mo sì ń pa ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù dé.

Nítorí Àkànní ni mo ṣe é. Ẹ̀yin lẹ fún ọmọ mi ní oríkì yẹn, kò sì sẹ́ni tó fi pè é mọ́ lẹ́yìn yín. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rin. Kì í fẹ́ kí ohunkóhun tó tutù tàbí tó ń lẹ̀ kan òun lọ́wọ́. Bí ọbẹ̀ bá ta sí i lára, yóò máa ké bí ẹni tí iná jó. Búrẹ́dì àti ìrẹsì láìsí ọbẹ̀ nìkan ló ń jẹ, ó sì ń rù. Ní jẹ́lé-ó-sinmi, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń fi omi àti iyanrìn ṣeré, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló máa ń dúró sí.

A ń mú un lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan ní ìlú Addison nítòsí wa tó ń fi eré tọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Iyanrìn, ìyẹ̀fun, ẹrẹ̀, gbogbo ohun tí ń dọ̀tí ọwọ́ ló máa ń kó síwájú wọn, kí wọ́n máa pò ó títí ara wọn á fi balẹ̀. Ó ní ohun tí ọwọ́ ọmọdé bá ti mọ̀, ẹnu rẹ̀ ò ní pẹ́ gbà á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bi mí bóyá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kan wà tí Àkànní fẹ́ràn rí. Ọjọ́ kan péré ló sọ sí mi lọ́kàn. Ojú tì mí.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ yẹn? Ẹ jókòó lórí àpótí nínú kíṣìnì wa ní Rowlett níbí, ẹ ń fi imú kọ orin. Àkànní wà níwájú yín, ó ki ọwọ́ bọ inú èérí ògì dé ìgúnpá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ti fi ògì kùn ún nímú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé ni, níbi tí mo ti ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ láti àárọ̀. Mo já ọmọ gbà, mo ń fi omi fọ ọwọ́ rẹ̀, ó ń ké, mo wá sọ fún yín pé, “Màámi, ibí kì í ṣe Ìsẹ́yìn. Ẹ má sọ ọmọ mi di ọ̀bùn.”

Ẹ wò mí. Ẹ ní kí n má bínú, ẹ̀yin tí ẹ bí mi. Ẹ fọ abọ́, ẹ nu ilẹ̀, ẹ ò sì sẹ́ ògì mọ́ títí ẹ fi padà sílé. Ẹyin lọ̀rọ̀, mo sì jẹ́ kó bọ́. Kí ló dé tí mi ò bẹ̀ yín ní gbogbo Sọ́ńdè tí a fi ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù? Ṣé ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́run, àbí ẹ ti gbàgbé rẹ̀? Obìnrin Addison náà ní kì í ṣe èmi ni mo fa ìṣòro Àkànní, pé bí Ọlọ́run ṣe dá a ni. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà.

Lónìí, mo jókòó lórí àpótí yín. Àkànní dúró lẹ́nu ọ̀nà títí. Mi ò pè é. Nígbà tó yá, ó sún mọ́ mi, ó ti ìka kan bọ inú èérí, ó yọ ọ́, ó nù ún sára ẹ̀wù, ó tún tì í bọ̀ ọ́. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ wọlé tán ló gbójú sókè. Ojú tí ẹ fi wò mí lọ́jọ́ náà ló fi wò mí.

“Mommy, are you mad at me?”

Mo ki ọwọ́ mi méjèèjì bọ inú èérí náà títí ó fi kan tirẹ̀. Mo ní, “Rárá, Àkànní. Èmi ni kó o má bínú sí.” Mo sọ ọ́ sókè, bóyá ẹ̀yin náà á gbọ́.

Èérí ṣì wà nílẹ̀ kíṣìnì bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mi ò tíì nù ún.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ògì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.