Kọ̀ǹpútà Ìyá Rẹ àti Fóònù Ìyàwó Ilé

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ pẹ̀lú ọwọ́ tí gọ́ọ̀mù ṣì lẹ̀ mọ́, nítorí ìdí pákó ni mo ti dìde wá jókòó kọ ìwé yìí. Ṣé ara rẹ le? Ṣé àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ilé gíga yẹn ò dà ọ́ láàmú? Ibi tó o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ilẹ̀ ò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Orúnkún mi nìkan ló máa ń sọ̀rọ̀ bí mo bá fẹ́ dìde, mo sì ti ń dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìyá rẹ ló jẹ́ kí n mú bírò. O mọ̀ pé òun ni akọ̀wé bẹ́kìrì láti kékeré rẹ, òun àti kọ̀ǹpútà ńlá orí tábìlì yẹn tó máa ń kùn bí oyin. Gbogbo búrẹ́dì tí àwọn oníbàárà bá bèèrè, inú rẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí, á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, á gbé e fún àwọn tó ń po ìyẹ̀fun. Àfi bí ọmọkùnrin Ìyá Oníbẹ́kìrì ṣe gbéyàwó, tí ìyàwó náà wọ ọ́fíìsì tòun ti oyún àti fóònù. Ó ní ayé ti kúrò nídìí tábìlì, pé inú fóònù ni kí àwọn oníbàárà ti máa bèèrè, kí dírẹ́bà tó ń pín búrẹ́dì máa rí i lójú ọ̀nà. Ìyá rẹ ní òun ò lè fi ohun tó lè já sínú ṣáláńgá ṣiṣẹ́. Ìyàwó náà ò rí i fín o, ọmọ tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ ni, Mọ́mì ló ń pè é, ó kàn rẹ́rìn-ín ni, ó sì ń bá fóònù rẹ̀ lọ.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ méjèèjì ò gbédè ara wọn. Mo bi ìyàwó náà léèrè, ó ní ohun kan wà nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó ń darí rẹ̀, pé ti fóònù yàtọ̀ sí ti kọ̀ǹpútà. Mo ní ó ti yé mi, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ó ní kí n gbà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ jẹun, mo gbé fóònù lé kọ̀ǹpútà lórí kí wọ́n lè mojú ara wọn, bí a ṣe ń ṣe fún adìyẹ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìgbà tí mo padà wò wọ́n, kò sí èyí tó bá èkejì sọ̀rọ̀, fóònù kàn gbóná ni.

Ìyá rẹ tún sọ nídìí oúnjẹ pé ẹni tó wá tún kọ̀ǹpútà ṣe ní wíńdò rẹ̀ ti gbó, àfi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Inú mi dùn, torí ó pẹ́ tí mo ti ń sọ pé òjò ń gba fèrèsé ọ́fíìsì yẹn wọlé. Mo lọ wọ̀n ọ́n, mo kan tuntun, mo gbé e síbẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò mí. Ìyá Oníbẹ́kìrì ní wíńdò tí àwọn ń wí kọ́ nìyẹn, pé inú ẹ̀rọ ni tàwọn wà. Mo wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ihò kéékèèké ló wà níbẹ̀, kò sí káfíńtà tó lè kan fèrèsé sírú ìyẹn. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn tó ń wọlé sí wọn báyìí dára.

Lẹ́yìn èyí ni ilé ẹ̀kọ́ kan bèèrè búrẹ́dì nínú fóònù, ọ̀gá wọn tún yà sọ́dọ̀ ìyá rẹ, ó fẹnu sọ ọ́ fún un, ìyẹn sì kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n yan búrẹ́dì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo àdúgbò jẹ búrẹ́dì títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro wá. Ìyá Oníbẹ́kìrì wá ní bí oṣù bá parí, òun á mú ọ̀kan nínú ẹ̀rọ méjèèjì, ẹni tó ni èkejì á máa lọ sílé. Láti ọjọ́ náà ni ìyá rẹ ò ti jẹun kánú mọ́. Ó ń nu kọ̀ǹpútà yẹn bí ẹni ń wẹ ọmọ. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á, torí ìyàwó ọmọ ẹni ni ìyàwó ọmọ ẹni, akọ̀wé ni akọ̀wé.

Oṣù ò tíì parí tí ìrọbí fi mú ìyàwó náà nínú ọ́fíìsì lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì retí rẹ̀. Ìyá rẹ ló dì í mú, ló gbé e sínú mọ́tò búrẹ́dì. Bí mọ́tò ṣe fẹ́ ṣí, ìyàwó náà na fóònù sí ìyá rẹ, ó ní kí Mọ́mì bá òun dì í mú, àwọn oníbàárà ń retí. Ìyá rẹ gbà á bí ẹni gba ẹyin. Ó padà sídìí tábìlì, ó ń fi ìka kan tẹ fóònù, ohun tó bá rí níbẹ̀ á kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà, á sì tún fi fóònù dá dírẹ́bà lóhùn. Bí fóònù bá dún, á ní kó rọra, òun ń bọ̀. Kò sí búrẹ́dì tó lé lọ́jọ́ náà, kò sí èyí tó dín. Ọmọbìnrin ni ìyàwó náà bí. Ọmọ náà kéré, ṣùgbọ́n ó ń ké dáadáa.

Oṣù ti parí báyìí, Ìyá Oníbẹ́kìrì ò tíì mú ẹ̀rọ kankan. Mo bi í, ó ní òun ń wẹ ọmọọmọ òun, kí n má fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ dí òun lọ́wọ́. Ọwọ́ ìyá rẹ ni fóònù ìyàwó náà ṣì wà. Ìyàwó náà ń fi ti ọkọ rẹ̀ pè é, á ní òun fẹ́ bèèrè ọ̀rọ̀ búrẹ́dì, kò sì ní pẹ́ tí á fi ní ọmọ ò gba ọmú, kí ni kí òun ṣe. Ọ̀rọ̀ ọmú ló pọ̀ jù níbẹ̀ báyìí.

Jọ̀ọ́, fi owó gíláàsì ojú ránṣẹ́ fún ìyá rẹ. Lẹ́tà inú fóònù kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, ó sì ń díbọ́n pé òun rí i. Bí agbára bá ká a, fi owó ìṣó díẹ̀ kún un fún èmi náà.

Ìyá rẹ ní kí òun fi fóònù ya ìwé yìí, pé á dé ọ̀dọ̀ rẹ kí n tó fi ọmọrí dé bírò mi. Mo ní rárá. Ohun tó bá yára lọ báyẹn, èsì rẹ̀ náà á yára dé, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Dírẹ́bà tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ni mo fẹ́ gbé e fún, kó rọra gbé e wá, kí èsì náà lè pẹ́ díẹ̀, kí ìwọ fúnra rẹ lè ráyè gbé e wálé.

Iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó bá wá bá ọ du ìjókòó, ẹ̀yin méjèèjì á ríbi jókòó.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, káfíńtà.