Kòkó Gbígbẹ, Ewé Tútù

Ọgbà ilé ìwòsàn,
Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà, 1997.

Sí àgbà wa, Opanyin Kofi Ntiri, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ní Dormaa.

Àna mi àtàtà,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo kí ìyá àgbà, mo kí gbogbo ọmọ ilé, mo sì kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí sí yín létí, nítorí mo mọ̀ pé ojú yín kò ríran dáadáa mọ́. Ọlọ́run á jẹ́ kí ara yín le ju tèmi lọ, torí tèmi kò le rárá. Bí ẹ bá wà lórí ìdúró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fẹ́, kí n tó ro ẹjọ́ mi. Dufie, ọmọ mi, ọmọ àbúrò yín, ti wà ní ilé ìwòsàn níbí láti ọjọ́ Àìkú. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ, ẹ̀jẹ̀ sì ti fẹ́ẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n ní ó jẹ́ mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń lé ní mọ́kànlá. Mo na apá sílẹ̀ kí wọ́n fa tèmi, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò bá tirẹ̀ mu. Boahen, ọkọ rẹ̀, fún un ní àpò kan lánàá, kò tó. Dókítà ní kí n wá ìbátan rẹ̀ èyíkéyìí wá. Èmi fúnra mi ni mo ní kó jẹ́ ìbátan ti ìhà ìyá. Àwa náà ṣáà mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ìyá ni ẹ̀jẹ̀ ọmọ ti ń wá, pé ẹ̀yin lẹ ni ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn géńdé ilé yín wá, mẹ́rin, márùn-ún, iye tí ọkọ̀ bá lè gbé. Dókítà ní kí wọ́n fò wá bí wọ́n bá ní ìyẹ́.

Mo mọ ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ sọ. Ẹ ó ní, "Ṣebí a rán ìyàwó wa wá nígbà ọyẹ́, pé kó mú Dufie wá síbí?" Òótọ́ ni. Àkọ́bí ni oyún náà, ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ló sì yẹ kó lọ bí i sí, pàápàá nígbà tí Abena ìyá rẹ̀ ti kú. Èmi ni mo kọ̀. Mo dúró lójú ọ̀nà, mo fi ariwo sọ ọ́ pé, "Ṣé ebi ń pa á níbí ni? Kí lẹ ní ní Dormaa tí n kò ní?" Ìyàwó yín tún ìró rẹ̀ ró, ó lọ láì mu omi wa. Ẹyin lọ̀rọ̀, èmi ni mo jẹ́ kó bọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi gun orí ìrókò. Lẹ́yìn ìkórè, ọkùnrin kan tó ń polówó kòkó wá sí àtíbàbà tí a ti ń wọn kòkó. Ó gbé páálí ńlá kan kọ́ ògiri, ó ya kòkó sí apá kan, ó ya ẹ̀fọ́ òyìnbó sí apá kejì, èyí tó dà bí ọmọ ìyá kontomire, ewé tí à ń fi se ọbẹ̀, tí ń hù fúnra rẹ̀ lábẹ́ igi kòkó wa. Ó kọ iye irin tó wà nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i. Irin yìí ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀fọ́ kò pé mílígíráàmù mẹ́ta. Kòkó lílọ̀ ń lọ sí mẹ́rìnlá! Àna mi, mo fò sókè. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń gbin kòkó, n kò mu ún rí. Kò sí ẹni tó mu ún rí nínú wa. Ọkùnrin náà pò ó mọ́ omi gbígbóná fún wa, bàbá Agyei tọ́ ọ wò, ó ní, "Háà! Nítorí ohun kíkorò yìí ni ẹ̀yìn mi ṣe tẹ̀?" A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n inú mi dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n fi jọba. Mo ní àṣé mo ti ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ayé láti ọjọ́ yìí wá. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní páálí náà, mo gbé e kọ́ sí yàrá mi.

Nísàlẹ̀ páálí yẹn, àwọn ìlà kan wà tí ewé ti borí kòkó. Ewé ní ohun tó ń mú ojú ríran, ó ní ohun tó wà nínú ọsàn, ó tún ní ohun kan tí wọ́n ní aláboyún kò gbọdọ̀ ṣaláìní. Kòkó fẹ́ẹ̀ẹ́ má ní ìkankan nínú wọn. Mo rí i. Ojú mi fò ó kọjá ni.

Nígbà tí oyún Dufie di oṣù márùn-ún, Sister Birago, agbẹ̀bí wa, ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Ó fún un ní oògùn irin, ó ní kó máa jẹ kontomire lójoojúmọ́ pẹ̀lú ẹja, tòmátì àti ata. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Agbẹ̀bí, ewé tí ewúrẹ́ ń jẹ? Wá sílé mi kí n fi ìwé hàn ọ́." Ó ní, "Opanyin, ewúrẹ́ tó ń jẹ ẹ́, ẹ rí i kí òòyì kọ́ ọ rí?" Gbogbo àwọn obìnrin tó wà lórí bẹ́ǹṣì pa kàkà sẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló tún bí mi nínú. Láti ọjọ́ náà, n kò gba kontomire láyè nínú ìkòkò mi mọ́. Láràárọ̀, bí Dufie bá ti ju oògùn sẹ́nu, èmi fúnra mi ni mo ń gbé ife kòkó lé e lọ́wọ́. Kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń mu ún kan gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nítorí pé mo dúró lé e lórí.

Àwọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun. Ó ń ra amọ̀ jẹ lọ́jà bí ẹni ń jẹ bisikíìtì. Bó bá ti yàrá rìn dé ilé ìdáná, á fi ọwọ́ ti ògiri, á máa mí hẹlẹ hẹlẹ. Kí ni mo ṣe? Mo fi ṣíbí kan kún kòkó náà. Nígbà tó yá mo tún fi ọ̀kan sí i. Àna mi, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe.

Lọ́jọ́ Àìkú ó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn. Nígbà tí a gbé e dé ibí, dókítà bi í pé kí ló fi ń gbé oògùn irin rẹ̀ mì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Kòkó Agya mi ni." Dókítà mí kanlẹ̀. Ó pè mí sí ìta, kò jágbe mọ́ mi. Ó ní ohun tó mú kòkó korò yẹn náà ló ń di irin mú nínú ikùn, tí kì í jẹ́ kó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó ní irin tó wà nínú kòkó fúnra rẹ̀ kò rọrùn fún ara láti gbà, ká má tilẹ̀ sọ ti oògùn tó bá pàdé níbẹ̀. Ó ní ewé náà ń di díẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ènìyàn ń jẹ àwo ewé kan, tòmátì àti ẹja sì ń ràn án lọ́wọ́.

Mo ní, "Páálí ńkọ́? Mẹ́rìnlá sí mẹ́ta ńkọ́?" Ó bi mí pé, "Bàbá, ta ló ń jẹ ọgọ́rùn-ún gíráàmù kòkó lílọ̀? Ṣíbí kan kò tó mẹ́wàá. Ohun tí wọ́n ti yan gbẹ ni wọ́n wọ̀n pẹ̀lú ewé tí omi kún inú rẹ̀." Èmi Amponsem, tó mọ̀ pé kòkó tútù kì í gun òṣùwọ̀n kan náà pẹ̀lú gbígbẹ! Bí akọ̀wé tó ń ra kòkó bá rí i pé kòkó rẹ ṣì tútù, á ní kó o gbé e padà lọ sá, ọmọ ọdún méje ní abúlé wa mọ èyí. Mo ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nídìí òṣùwọ̀n yẹn fúnra mi. Páálí dé, mo gbàgbé.

Dókítà ní ibà wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, kí n má gbé gbogbo rẹ̀ lé orí ara mi. Ó ń tù mí nínú ni. Sister Birago wá lánàá, ó gbé omi ìwẹ̀ wá fún un, kò sọ pé "mo wí bẹ́ẹ̀." Ì bá sọ ọ́. Ì bá bú mi.

Kí n má parọ́ fún yín, n kò ní ìrètí púpọ̀. Ọmọ inú rẹ̀ kò mira mọ́ láti àná. Wọn kò lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un láìsí ẹ̀jẹ̀. Dufie kò bi wá léèrè nípa ọmọ náà, ó kàn gbé ọwọ́ lé ikùn. Lówurọ̀ yìí ó ní, "Agya, ẹ ti kọ̀wé sí Wofa mi ní Dormaa? Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má bá yín jà." Ẹ gbọ́, àna mi, ẹ bá mi jà. Ẹ dé ibí ná, kí ẹ wá bá mi jà níṣojú gbogbo ayé, n kò ní dá yín lóhùn. Bí ó bá yè, ẹ mú un lọ sí Dormaa, ẹ̀yin náà lẹ ni ín.

Akuoko awakọ̀ ló ń mú ìwé yìí bọ̀, aago méjì ló ń gbéra. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe ohun tí ẹ ò ní lè tún ṣe. Kò ní gba ọmọ lọ́wọ́ yín lójú yín. Kí ó ṣọ́ àwọn ọmọ yín lójú ọ̀nà.

Èmi ni, ọkọ àbúrò yín tó ti lọ,
Kwaku Amponsem.

Àfikún: Akuoko ti ń fọn fèrè ọkọ̀. Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yàrá Dufie jáde wá bá mi lábẹ́ igi níbí. Mo sọ fún un pé ìwé ti fẹ́ lọ, pé ẹ ó fò wá bó ṣe wí. Ó jókòó tì mí, ó ní, "Bàbá, ẹ kọ ọ́ sí i pé kí wọ́n máa rọra bọ̀. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́." Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, kò wo ojú mi. Àna mi, ẹ dákun, ẹ má rọra.