Àwo Bàbá Àwo

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kẹwàá 2025
Bàbá Àwo kì í lo oògùn àfi tí mo bá kọ́kọ́ fi orin sórí ẹ̀rọ. Uncle Adégbóyè ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ — ará Ìjẹ̀bú tí mò ń lọ tọ́jú nílé ẹ̀ ní Thamesmead, nílùú òyìnbó níbí. Àwo orin tò dé àjà ní igun yàrá ẹ̀ kan. Mo ní orin òyìnbó yìí ti pọ̀ jù. Ó bú mi: "Òyìnbó bàbá ẹ ni! Àwa dúdú la ni ín." Ó ní ní Chicago, àwọn ọkùnrin dúdú tó ń fẹ́ ọkùnrin ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. House ni wọ́n ń pè é. "Ilé ni. Wọ́n lé wọn nílé, wọ́n bá sọ ibi ijó di ilé." Bàbá tiẹ̀ náà lé e nítorí ọkùnrin kan. "Ìwọ náà ńkọ́?" Mo ń ká aṣọ. Ó kúkú mọ̀.

Ọjọ́rú, 8
Wọ́n ń gbé Bàbá Àwo lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí ò ní yè mọ́. Ilé ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo kó tó di Sátidé. Ẹbí kankan ò yọjú. Ó di ọwọ́ mi mú: kí n kó àwọn àwo lọ sílé, kí n má jẹ́ kí wọ́n dà wọ́n nù. Mo búra.

Ọjọ́bọ̀, 9
Mo sọ fún Auntie Rasheedat, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀, lórí fóònù pé bàbá kan fún mi láwo. Ìgbà tí màá fi délé ẹ̀ ní Glyndon, ó ti kó gbogbo inú kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnì jáde — àwo ìjẹun ló rò! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín nílé yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 10
Páálí mẹ́fà, ìrìn mẹ́ta nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yìn ń ro mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11
Auntie rí i. Lára àpò àwo kan, àwòrán ọkùnrin méjì tó ń fẹnu kora wọn lẹ́nu. Kò pariwo — ì bá sàn kó pariwo. Ó ní, Nasir, ṣé ìwọ náà wà nínú wọn? Mo ní astaghfirullah, Auntie, kí lẹ tún ń sọ yìí? Ó ní kí àwo jáde, àbí kí èmi jáde. Pálọ̀ ẹ̀ ni mò ń sùn. Níbo ni mo fẹ́ gbà? Ojo ni mí. Ojo paraku.

Ọjọ́ Àìkú, 12
Auntie fi mọ́tò gbé mi lọ sí ààtàn ní Nathan Way. Ọwọ́ ara mi ni mo fi dà wọ́n nù. Ó ní Ọlọ́run á bù kún mi. Mo ní àmín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14
Mo lọ kí Bàbá Àwo. Ohùn ẹ̀ ti fẹ́ tán. Ó ní àwọn àwo ńkọ́? Mo ní, wọ́n wà nílé, Uncle.
Ó rẹ́rìn-ín, ó dijú. Ó ní, ìwọ náà ti wá ní ilé nìyẹn.