Ìbọn Wà Lọ́wọ́ Akínwọlé, Ọta Wà Lọ́wọ́ Mi

Ajue, lọ́nà Ore,
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Keje, 1988.

Ọláyídé ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ìrọ́jú Èkó, mo kí ọ kú òjò, mo sì kí ọ kú SAP tó ká gbogbo wa mọ́lé. Ọlọ́run tó mú ọ kúrò ní Ajue kò ní gbàgbé ibi tó gbé ọ sí. Ara wa le. Orúnkún ń dun ìyá rẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ṣàìsàn rárá. Ọládùnní àbúrò rẹ kí ọ. Òjò pọ̀ lọ́dún yìí, àrùn sì ń mú kòkó dú lórí igi, tèmi àti ti Akínwọlé àbúrò mi. N óò padà sórí ọ̀rọ̀ kòkó yẹn, nítorí òun ló wà nídìí ohun gbogbo.

Àpótí eré ayò òyìnbó tí o fi rán awakọ̀ dé gáréèjì Ore, mo sì lọ gbà á fúnra mi. Sójà tó wà lójú ọ̀nà ní kí n ṣí i. Ó rí àwòrán ìlú, ó rí àwòrán ìbọn, ó rí ilé iṣẹ́ rédíò, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ta ni a fẹ́ gba rédíò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un pé kí ó má bẹ̀rù, gbogbo ará ìlú náà ló ti kú. Ó ní ta ló pa wọ́n. Mo ní èmi náà kò tíì kà débẹ̀. Ó pa àpótí náà dé, ó ní kí n máa lọ.

O mọ̀ pé ẹni tó fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n yẹ kòkó wò fún ìjọba kò lè lo ohun tí kò tíì yẹ̀ wò. Mo da gbogbo rẹ̀ sórí ẹní, mo kà á. Òkú, àwọn ère kéékèèké oníke, jẹ́ ogójì. Gbogbo wọn ló gbẹ dáadáa, kò sí èyí tó bu, kò sí èyí tí kòkòrò jẹ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé gíréèdì kìíní ni wọ́n.

O kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pé ọ̀gá rẹ òyìnbó ló fún ọ nígbà tó ń kẹ́rù padà sílé, pé àwọn òkú náà ń jí dìde láti jẹ alààyè, pé àwọn tó ń ta á kì í bá ara wọn díje, ṣe ni wọ́n jọ ń là tàbí kí wọ́n jọ kú, àti pé ènìyàn mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ ta á. Àwa mẹ́ta ló kù nílé. Mo pe Àmúsà tó ń bá wa dáko, ó wo àwòrán orí àpótí náà, ó ní iṣẹ́ oko nìkan ni àdéhùn òun àti èmi. Ni ìyá rẹ bá mú ìborùn, ó ní òun ń lọ pe Akínwọlé.

O mọ ohun tó wà láàárín wa. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó kó kòkó rẹ̀ wá síwájú mi lójú àwọn oníbàárà, mo gé ọgọ́rùn-ún ẹyọ wo inú gẹ́gẹ́ bí òfin, méje nínú rẹ̀ ló bu. Ohun tí mo rí ni mo sọ. Ó ní ẹ̀gbọ́n ta ló ń ka ẹyọ kòkó àbúrò rẹ̀ ní gbangba. Láti ọjọ́ náà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Pọ́ńpù tí a fi ń fín oògùn sí kòkó, tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún àwa méjèèjì, wà ní yàrá rẹ̀. Oògùn kòkó tí mo rà kí ó tó wọ́n wà ní yàrá mi. Kòkó wá ń dú. Kò béèrè oògùn, mi ò béèrè pọ́ńpù.

Lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, Akínwọlé dé, ó kọ ẹ̀yìn sí mi jókòó. Bó bá ní ọ̀rọ̀, ìyá rẹ ló ń sọ ọ́ fún. Á ní, Ìyá Ọláyídé, ẹ bá mi sọ fún ọkọ yín pé ó kàn wọ́n. Mo sì wà níbẹ̀, mo ń gbọ́. Ìyá rẹ ti so àkùkọ kan mọ́ ẹsẹ̀ àga fún ẹni tó bá borí.

Ìyá rẹ ní àkúdàáyà ni àwọn òkú yìí. Mo ṣàlàyé fún un pé ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n ni àkúdàáyà ń lọ, níbi tí yóò ti fẹ́yàwó tí yóò sì máa ṣòwò rẹ̀ jẹ́jẹ́, àwọn wọ̀nyí kò nítìjú, ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ wọ́n ni wọ́n ń bọ̀ tààrà. Ó ní kò burú, ṣebí bí ojúlùmọ̀ bá pe àkúdàáyà lórúkọ, ṣe ló máa ń pòórá. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. A sọ àwọn ogójì náà lórúkọ, mo kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Èyí tó bá ti sún mọ́lé, a ó pè é lórúkọ, a ó mú un kúrò. Kò pẹ́, òkú tán. Akínwọlé ní, Ìyá Ọláyídé, ẹ sọ fún ọkọ yín pé a ò ta eré, réjísítà ni a pè. Ọládùnní náà ní kò sí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé òfin eré náà.

A tún un ta bí ìwé ṣe wí. Akínwọlé fa káàdì ìbọn. Èmi fa káàdì ọta. Ìwé ní ẹni tó bá wà nílé kan náà lè fi káàdì rẹ̀ fún ẹnì kejì. Kò tọrọ, mi ò fún un. Ìyá rẹ ni òkú kọ́kọ́ jẹ. Ó dìde, ó ní níwọ̀n bí òun ti kú, kí ẹni tó wà láàyè lọ wo iná. Wọ́n jẹ Ọládùnní. Wọ́n wá jẹ èmi pẹ̀lú ọta mi, àti Akínwọlé pẹ̀lú ìbọn rẹ̀.

A ta á lẹ́ẹ̀kẹta, bí Ọlọ́run yóò ṣe ṣe é, káàdì tún bọ́ sọ́wọ́ kan náà. Òkú yí ilé ká. Ìyá rẹ ti ń palẹ̀ ìborùn rẹ̀ mọ́ láti kú. Ọládùnní ń wo èmi, ó ń wo bàbá rẹ̀ kékeré, omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Akínwọlé yíjú sí mi, ó ní, Ẹ̀gbọ́n, ẹ kó ọta yẹn wá. Ọdún méjì nìyẹn. Mo ní kí ó jẹ́ kí n yẹ ìbọn náà wò ná. Ìyá rẹ wò mí. Mo kó ọta náà fún Akínwọlé láì yẹ nǹkan kan wò.

Ó yìnbọn, gbogbo wa là. Mo tún ìwé òfin náà kà láti wá orúkọ ẹni tó borí, nítorí àkùkọ, kò sí i níbẹ̀. Ìyá rẹ ní bí gbogbo wa bá jọ là, gbogbo wa ni kí ó jọ jẹ ẹ́. Èmi àti Akínwọlé jọ jẹun nínú abọ́ kan. Àkùkọ náà nìkan ni kò là.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n tó fọ ẹnu, Akínwọlé ti gbé pọ́ńpù kọ́ ẹ̀yìn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òkú ti pọ̀ lórí igi. Mo kó oògùn jáde. Oko rẹ̀ la kọ́kọ́ fín, kí a tó dé tèmi. Nínú èso mẹ́ta, ọ̀kan ti lọ, méjì ṣì tutù. Ó ní lọ́dún yìí, kí n wá gé ọgọ́rùn-ún ẹyọ òun nílé, kí a tó gbé e dé ọjà. Mo ní n óò wá.

Ìwé pélébé kan wà nínú àpótí náà, tó ní kí a kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti ohun tó sọnù nínú eré náà, kí àwọn òyìnbó tó ṣe é lè fi òmíràn ránṣẹ́. Mo ti kọ ọ́: ìyá rẹ, ẹ̀ẹ̀kan, Ọládùnní, ẹ̀ẹ̀kan, èmi àti Akínwọlé, ẹ̀ẹ̀kan. Mo fi kún un pé a ti rí gbogbo wọn padà. Bá wa fi ránṣẹ́ sí àwọn òyìnbó náà, kí ọkàn wọn lè balẹ̀.

Wáṣà, rọ́bà inú pọ́ńpù, ti gbó, ó ń jò sí Akínwọlé lẹ́yìn. Oògùn kù díẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ tún un fín kí oṣù tó parí. Bí ọwọ́ rẹ bá ká a, fi owó ránṣẹ́ kíákíá. Bí kò bá ká a, fi wáṣà nìkan ránṣẹ́.

Nígbà tí mo ń tún ìwé òfin náà kà, mo rí i níbẹ̀ pé ènìyàn méjì lè ta á. Ìwọ lo kọ mẹ́rin. Mi ò bi ọ́ léèrè nǹkan kan.

Ibi tí ọwọ́ rẹ kò bá tó, Ọlọ́run yóò fi ọwọ́ ẹlòmíràn kún un. O kò ní dá nìkan dúró lọ́jọ́ tí wọ́n bá yí ilé rẹ ká.

Èmi bàbá rẹ,
Pius Ọlọ́rundáre.

Akínwọlé ní kí n kí ọ. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ka àwọn òkú náà bóyá wọ́n pé.