Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Sọ Apẹ̀rẹ̀ Ìdọ̀tí Di Àpótí

Olóòtú wa, mo kí yín o, mo kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kì í pa rédíò yín.

Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe jẹun. Ní Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi pè mí pé tàwọn ti ń wọ́ bí ìgbín. Nígbà tí mo délé wọn, wọ́n ní, "Àbúrò, kó gbogbo ìdọ̀tí inú ẹ̀ dànù," wọ́n sì lọ wẹ̀.

Mo yọ gbogbo játijàti tó kún ohun tí wọ́n fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo kó àwọn fáìlì tó bo ojú kọ̀ǹpútà sínú fódà mẹ́ta. Mo dá àwọn tó ń fi ìpolówó bàtà dí ímeèlì wọn dúró. Lẹ́yìn náà ni mo da apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ímeèlì nù.

Háà, ariwo tí wọ́n pa! Àṣé inú apẹ̀rẹ̀ yẹn ni wọ́n ń tọ́jú gbogbo lẹ́tà ọmọ wọn tó wà lókèèrè sí. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa ronú àtiwá a débẹ̀.

Àwọn lẹ́tà yẹn dun èmi náà. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ̀bi! Ìyá wa ní kí n kọ̀wé tọrọ àforíjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mi ò gbọdọ̀ dé ilé ẹ̀gbọ́n mi mọ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí. Ká tiẹ̀ ní mo kọ ìwé àforíjì ọ̀hún, ibo ni wọ́n máa tọ́jú ẹ̀ sí?