Irin Yín Ti Lọ, Dádì

Dádì mi àtàtà,

Ẹ káàárọ̀ o. Bóyá ilẹ̀ tiẹ̀ ń mọ́ níbi tí ẹ wà, mi ò mọ̀. Ní Peckham níbí, òjò ló ń rọ̀, inú mi ò sì dùn rárá.

Ṣọ́ọ̀ṣì ti gba yàrá ẹ̀yìn wọn padà, níbi tí ẹ ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní irin gbígbé. Wọ́n fẹ́ káwọn ọmọdé máa ṣe Sunday school níbẹ̀. Mo bẹ Pásítọ̀ títí ẹnu mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Mo wá jíìmù kiri dé Deptford, kò sẹ́ni tó fẹ́ irin tó ti dípẹtà. Ẹ̀rọ tó ń dán ni gbogbo wọn ń lò. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń po sìmẹ́ńtì sínú agolo ọ̀dà, tí ẹ ó ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, tó bá gbẹ, ó di gbígbé!

Ṣé ẹ rántí pé ẹ kì í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan irin láìtíì dọ̀bálẹ̀ kí yín? Orí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn náà lẹ ti ń mú wọn bẹ̀rẹ̀ press-up, ọmọ Jàmáíkà, ọmọ òyìnbó, gbogbo wọn. Ẹ wo ohun tí ẹ fà. Nígbà tí wọ́n wá kí Mọ́mì kú ọ̀fọ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ wa, ni wọ́n bá ń lọ sókè, wọ́n ń bọ̀ nílẹ̀. Wọ́n rò pé bí Yorùbá ṣe ń kí èèyàn nìyẹn. Mọ́mì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Àárò yín ń sọ mí gan-an.

Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa pé àyà ń dùn yín, títí ó fi gbé yín lọ? Agídí yín pọ̀ jù, Dádì. Ẹ máa ń rí ìrora lójú ọmọ ọlọ́mọ láti ìkangun yàrá, ẹ wá fi tiyín pamọ́ fún wa.

Lánàá, ọkùnrin tó ń kó irin àlòkù gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù yín ò jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan kan. Àwọn fúnra wọn ló gbé gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀. Wọ́n tẹ orúnkún, wọ́n na ẹ̀yìn gbọọrọ, wọ́n mí sínú kí wọ́n tó gbé e, bí ẹ ṣe kọ́ wọn gẹ́lẹ́. Kò sí èyí tó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ọkọ̀ lọ, wọ́n dúró sínú òjò, wọ́n ń wò mí lójú. Sátidé tí wọ́n máa ń wá gbé irin lọ́dọ̀ yín ń bọ̀. Níbo ni kí n ní kí wọ́n wá, Dádì?

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe sọ fún yín lọ.